Òkúta oníhò tí ń sọ epo kíki di bẹntiróòlù: Iṣẹ́ tí síóláìtì ń ṣe nílé ìfọpo

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù bá délẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí: iye tí wọ́n ń ta lítà kan, àti ẹni tí ó fa ọ̀wọ́ngógó. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè ọ̀hún ni pé, kí ni wọ́n ń ṣe sí epo rọ̀bì tí ó dúdú bí èédú kí ó tó di bẹntiróòlù tí ó mọ́ gaara, tí mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ wa ń mu?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iná lásán ni wọ́n ń dá sí i. Bí ó bá jẹ́ iná nìkan ni, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rí epo nílẹ̀ rẹ̀ ní Oloibiri láti ọdún 1956, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sókè òkun ní 1958, kì bá tí gbára lé bẹntiróòlù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Epo rọ̀bì kò wọ́n wa, ohun tí a ó fi dáná kò sì wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n wa ni ohun tí ó wà láàárín epo rọ̀bì àti bẹntiróòlù, ìyẹn ìmọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń fọ́ epo kíki sí wẹ́wẹ́. Nínú ikùn ẹ̀rọ yẹn, lẹ́búlẹ́bú kan wà tí ènìyàn lè ṣì mú fún ìyẹ̀fun. Ohun tí ó jẹ́ ọkàn lẹ́búlẹ́bú náà ni wọ́n ń pè ní síóláìtì, òun sì ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí.

Iná nìkan kò tó

Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró rí yóò tètè mọ ìpele àkọ́kọ́ nílé ìfọpo. Wọn a da ẹmu tí ó ti kan sínú àgbá, wọn a dáná sí i nídìí. Ọtí líle tí ó wà nínú ẹmu náà yóò kọ́kọ́ ru sókè gẹ́gẹ́ bí ooru, nítorí pé ó tètè ń hó ju omi lọ. Yóò gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, yóò sì máa kán sínú ìgò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe sí epo rọ̀bì, àfi pé ilé gogoro onírin ni wọ́n ń lò dípò àgbá. Èyí tí ó fúyẹ́ jùlọ, bíi gáàsì ìdáná, yóò gun òkè pátápátá. Náfítà, tí wọ́n tún máa ń tún ṣe kí ó tó di bẹntiróòlù, yóò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni kẹrosíìnì àti epo ọkọ̀ òfurufú, kí ó tó wá kan dísù. Èyí tí ó ki, tí ó sì wúwo, yóò jókòó sísàlẹ̀.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìpínyà ni iná ń ṣe, kì í ṣe ìyípadà. Ohun tí ó wà nínú epo rọ̀bì tẹ́lẹ̀ náà ni yóò jáde, kò lè fi kún un. Apá ńlá nínú epo rọ̀bì ni yóò sì ṣẹ́kù sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí epo kíki tí mọ́tò kò lè mu. Ilé ìfọpo tí kò bá rí nǹkan ṣe sí i, owó pọ́ọ́kú ni yóò tà á.

A lè fi epo wé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù ni hóró ìlẹ̀kẹ̀ náà, háídírójìn sì so mọ́ ọn lára. Èyí tí ó jẹ́ bẹntiróòlù sábà máa ń ní kábọ́ọ̀nù 5 sí 12 lórí okùn kan. Ti epo kíki lè ju 20 lọ, òmíràn a tó 40, òmíràn a tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí á tó lè sọ epo kíki di bẹntiróòlù, àfi kí á já okùn gígùn náà sí kéékèèké. Fífọ̀ nìkan kò tó mọ́ nígbà náà. Fífọ́ ni ó kù.

Alárinà ni kátálíìsì

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ fífọ́ epo di òwò ńlá ni William Burton, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Standard Oil ti Indiana ní Amẹ́ríkà. Ní 1913 ni ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí ó ṣàwárí. Ooru líle àti ìfúnpá ni ó lò: ó sé epo kíki mọ́ inú ìkòkò onírin, ó sì ń koná mọ́ ọn títí okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà fi ń já fúnra rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́ lójú òkùnkùn. Òmíràn á là dáadáa, òmíràn á fọ́ yángá. Apá kan epo náà ń di gáàsì, apá kan ń jóná di èédú mọ́ ìkòkò lára, bẹntiróòlù tí ó sì jáde kò fi bẹ́ẹ̀ dára tó.

Ó hàn gbangba pé fífọ́ epo nílò ohun tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Ohun náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kátálíìsì. Ní èdè tiwa, alárinà ni à bá pè é. Alárinà ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí ìbá pẹ́ kí ó tó yọrí yá kíákíá. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọ ojú ara wọn, alárinà á yẹ̀bá. Kò di ọkọ, kò di ìyàwó. Ilé ẹlòmíràn ni ó tún kọjá sí láti lọ ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kátálíìsì rí. Ó ń mú kí ìyípadà tí ìbá gba ọ̀pọ̀ àkókò tàbí ooru tí ó kọjá àlà ṣẹlẹ̀ wéré, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í sí lára ohun tí ó jáde.

Eugene Houdry, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ mú irú alárinà bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìfọpo ní ọ̀nà tí ó mú èrè ńlá wá. Amọ̀ tí wọ́n fi ásíìdì wẹ̀ ni ó lò. Ní 1937, ilé-iṣẹ́ Sun Oil bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà rẹ̀ ṣe bẹntiróòlù ní Marcus Hook, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, bẹntiróòlù tí ó dára tí irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ń mú jáde wà lára ohun tí ọkọ̀ òfurufú ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ń fò.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1942, nígbà tí ogun ṣì gbóná, ẹ̀rọ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Baton Rouge, ìpínlẹ̀ Louisiana. Nínú ẹ̀rọ yìí, kátálíìsì kò dúró sójú kan mọ́. Wọ́n sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti ooru epo máa gbé e ṣàn bí omi odò láti inú ìkòkò kan sí èkejì. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà káàkiri àwọn ilé ìfọpo ńláńlá àgbáyé títí di òní. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí wọ́n ń lò nígbà náà ní àléébù: ihò inú rẹ̀ kò dọ́gba, kò sì lágbára tó. Ogún ọdún sí i ni ó gbà kí wọ́n tó rí ohun tí ó dára jù ú lọ.

Òkúta tí ń hó

Ohun tí ó dára jù amọ̀ lọ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1756, Axel Fredrik Cronstedt, onímọ̀ nípa òkúta ní ilẹ̀ Sweden, fi iná sí òkúta kan tí ó rí. Ẹnu yà á nígbà tí òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí ooru omi sì ń ru jáde lára rẹ̀ bí ẹni pé ìkòkò ọbẹ̀ ni. Ó wá fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì sọ ọ́ lórúkọ, èyí tí ó túmọ̀ sí òkúta tí ń hó. Orúkọ yẹn náà ni síóláìtì.

Kí ni ó ń hó lára òkúta? Omi tí ó fara pamọ́ sínú ihò rẹ̀ ni. Sílíkọ́ọ̀nù, alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn ni wọ́n para pọ̀ di síóláìtì. Wọ́n to ara wọn bí ẹni to afárá oyin, yàrá lẹ́yìn yàrá, ojú ọ̀nà lẹ́yìn ojú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba rẹ́gírẹ́gí. Asẹ́ tí ìyá ológì fi ń sẹ́ ògì kò lè dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Nínú irú síóláìtì tí wọ́n ń pè ní Y, tí ó wọ́pọ̀ jùlọ nílé ìfọpo, ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan kéré débi pé fọ́nrán irun orí ènìyàn kan fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bíi ìlọ́po 100,000. Nítorí pé ihò ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí a bá tú gbogbo ògiri inú gíráàmù mẹ́wàá síóláìtì, tí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo pápá bọ́ọ̀lù kan tán.

Ṣùgbọ́n asẹ́ lásán kò lè fọ́ epo. Ọ̀bẹ wà nínú asẹ́ yìí. Níbikíbi tí alumíníọ̀mù bá ti gba ipò sílíkọ́ọ̀nù, ààyè kan máa ń ṣí sílẹ̀ tí ohun mìíràn gbọ́dọ̀ wá dí. Bí ó bá jẹ́ háídírójìn ni ó wá dí i, ojú ibẹ̀ yóò di ásíìdì líle. Ásíìdì yìí ni ó ń gbá okùn ìlẹ̀kẹ̀ epo mú, tí ó sì ń já a. Epo tí ó bá gba ẹnu ihò wọlé ni ọ̀bẹ náà lè bá jà. Èyí tí ó sì já dé ìwọ̀n tí ẹnu ọ̀nà gbà nìkan ni yóò jáde. Ìdí nìyí tí ohun tí ń jáde láti inú síóláìtì fi bá ohun tí a fẹ́ mu ju ohun tí ń jáde láti inú amọ̀ lásán lọ.

Síóláìtì tí ó wà nínú ilẹ̀ kò pọ̀ tó, kò sì mọ́ tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí náà àwọn ènìyàn ní láti kọ́ bí a ti ń ṣe é. Richard Barrer, ọmọ ilẹ̀ New Zealand tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é nínú yàrá àyẹ̀wò láàárín ọdún 1940 sí 1949. Ní 1949, Robert Milton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Union Carbide ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe irú èyí tí wọ́n ń pè ní A àti X, kí Donald Breck tó ṣe Y. Lẹ́yìn èyí ni Charles Plank àti Edward Rosinski, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Mobil, kì síóláìtì bọ inú kátálíìsì tí ń fọ́ epo. Ní 1964 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé ìfọpo lẹ́yìn ilé ìfọpo ní Amẹ́ríkà ti pa amọ̀ àtijọ́ tì. Àgbá epo rọ̀bì kan náà wá ń mú bẹntiróòlù jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, láìjẹ́ pé wọ́n gbẹ́ kànga epo tuntun kankan.

Nínú ikùn ẹ̀rọ náà

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lónìí nìyí. Wọn a fọ́n epo kíki sí ìsàlẹ̀ páìpù gíga kan tí ó dúró lóòró, kátálíìsì gbígbóná a sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Hóró kátálíìsì kọ̀ọ̀kan kéré gan-an. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, kò ju nǹkan bíi 70 lọ nínú rẹ̀. Bí epo bá ṣe kàn án, ojú ẹsẹ̀ ni yóò di ooru, ooru yìí yóò sì gbé lẹ́búlẹ́bú náà fò sókè bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ṣe ń gbé eruku. Inú páìpù ọ̀hún gbóná tó nǹkan bíi 500 sí 550 ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Ìrìn-àjò láti ìsàlẹ̀ dé òkè kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé òkè, epo kíki ti fọ́ di bẹntiróòlù, gáàsì àti àwọn nǹkan mìíràn.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣàì fi àpá sílẹ̀. Èédú tí ó jáde lára epo yóò ti bo ojú kátálíìsì, yóò sì ti dí ihò rẹ̀. Wọn a wá darí rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kejì, wọn a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, èédú náà a sì jó kúrò lára rẹ̀ ní ìwọ̀n ooru tí ó tó nǹkan bíi 700 sẹ́ńtígíréèdì. Kátálíìsì tí ó ti mọ́ padà yóò gbé ooru yẹn lọ pàdé epo mìíràn, ooru yìí ni yóò sì fi fọ́ ọ. Ohun tí ó dí i lójú náà ni ó di igi ìdáná rẹ̀. Tọ̀sán tòru ni ó ń yí po báyìí láìdúró.

Àmọ́ kò sí bí irinṣẹ́ ṣe lágbára tó tí kì í gbó. Èédú ṣeé jó dànù, ṣùgbọ́n àwọn irin kan wà nínú epo rọ̀bì, bíi níkẹ́ẹ̀lì àti fanédíọ̀mù, tí iná kò lè lé lọ. Wọ́n á máa jókòó sára kátálíìsì díẹ̀díẹ̀, fanédíọ̀mù á sì máa ba ilé oníhò náà jẹ́ títí tí yóò fi wó. Nítorí náà ni àwọn ilé ìfọpo ńlá fi ń kó èyí tí ó ti gbó jáde, tí wọ́n sì ń bu tuntun sí i, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù lójoojúmọ́. Owó ńlá ni èyí. Èyí náà sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn oníbàárà fẹ́ràn epo Bonny Light ti Nàìjíríà: ó fúyẹ́, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, ìyọnu rẹ̀ kò sì pọ̀ nílé ìfọpo bíi ti epo tí ó wúwo. Ọ̀dà tí ó wà ní Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní tirẹ̀, wà lára irú èyí tí ó wúwo, iṣẹ́ ńlá ni yóò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ ọ́ di bẹntiróòlù.

Láti inú asẹ́ dé inú ike omi

Kì í ṣe bẹntiróòlù nìkan ni síóláìtì ń mú wá. Ní 1972, ilé-iṣẹ́ Mobil gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú kan tí wọ́n pè ní ZSM-5. Ẹnu ihò tirẹ̀ tún há ju ti Y lọ, híhá yìí gan-an sì ni ó sọ ọ́ di olówó iyebíye.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ọmọ ìyá mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń jẹ́ sáílíìnì. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn wọn kò yàtọ̀ ní iye, ìrísí wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn gbọọrọ. Ejì́ká àwọn méjì yòókù yọ síta. Ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní párásáílíìnì, ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń wá, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ pọ́lísítà àti ike tí wọ́n ń rọ omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú ZSM-5, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ́ jáde wéré, àwọn elejìká gbọ̀ọ̀rọ̀ yóò há sínú ilé. Bí wọ́n ṣe há síbẹ̀ ni ásíìdì inú ilé náà yóò máa tún wọn ṣe, títí àwọn náà yóò fi di tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn yóò sì rí ọ̀nà jáde.

ZSM-5 kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìfọpo ń bù mọ́ kátálíìsì wọn bí wọ́n bá fẹ́ kí gáàsì pírópílíìnì pọ̀ sí i. Gáàsì yìí ni wọ́n fi ń ṣe àpò ìrẹsì, àga oníke àti okùn. Òun náà ni ilẹ̀ New Zealand lò ní Motunui láti 1985, nígbà tí wọ́n ń sọ gáàsì inú ilẹ̀ wọn di bẹntiróòlù láìlo epo rọ̀bì rárá. Àwa tí a ti ń dáná sun gáàsì dànù ní Niger Delta láti ọjọ́ pípẹ́ yẹ kí a gbọ́ èyí dáadáa.

Kódà láìsí ọ̀rọ̀ epo, síóláìtì ti wọ ilé wa. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, níbi tí ó ti ń fa èròjà tí kì í jẹ́ kí omi hó kúrò nínú omi. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 2020, ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde láti inú afẹ́fẹ́ lásán gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là nílé ìwòsàn. Síóláìtì ni ó wà nínú rẹ̀: ó ń di náítírójìn mú, ó sì ń jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá lọ bá aláìsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Nàìjíríà

Bí a bá ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín fífọ̀ àti fífọ́, ọ̀pọ̀ ohun tí ń rú wa lójú nípa epo ní Nàìjíríà yóò yé wa.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí ń fọ epo lábẹ́lẹ̀ nínú igbó Niger Delta. Àgbá àti iná nìkan ni wọ́n ní, bíi ti ẹni tí ń pọn ògógóró. Dísù àti kẹrosíìnì ni wọ́n sábà máa ń rí. Epo kíki tí wọn kò lè fọ́, inú ilẹ̀ àti odò ni wọ́n ń dà á sí. Èéfín rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó bo ìlú Port Harcourt mọ́lẹ̀ láti 2016. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìbúgbàmù kan nírú ibi bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ohaji-Egbema, ìpínlẹ̀ Imo, pa ènìyàn tí ó lé ní 100.

Ẹ tún wo àwọn ilé ìfọpo kéékèèké tí ìjọba fọwọ́ sí. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Waltersmith kọ́ sí Ibigwe ní ìpínlẹ̀ Imo, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020 pẹ̀lú agbára àgbá 5,000 lójúmọ́, ń ṣe dísù, kẹrosíìnì, náfítà àti epo kíki. Àwọn kan béèrè nígbà náà pé kí ló dé tí wọn kò ṣe bẹntiróòlù. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilé gogoro ìpínyà ni wọ́n kọ́; ẹ̀rọ tí ń tún náfítà ṣe àti èyí tí ń fọ́ epo kíki, owó wọn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti àwọn ilé ìfọpo ìjọba, ti Port Harcourt àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ti Warri ní 1978, ti Kaduna ní 1980, èkejì ní Port Harcourt sì dé ní 1989. Agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ àgbá 445,000 lójúmọ́. Ẹ̀rọ tí ń fọ́ epo wà ní Warri, ní Kaduna àti ní Port Harcourt kejì, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ìfọpo náà ti dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ NNPC kéde ní oṣù Kọkànlá 2024 pé Port Harcourt ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ti àtijọ́ tí agbára rẹ̀ jẹ́ àgbá 60,000 ni, èyí tí kò ní ẹ̀rọ tí ń fọ́ epo kíki. Ní oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n tún tì í fún àtúnṣe.

Ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ìpínlẹ̀ Èkó, ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jùlọ. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní oṣù Karùn-ún 2023. Agbára rẹ̀ jẹ́ àgbá 650,000 lójúmọ́, ẹ̀rọ tí ń fọ́ epo kíki níbẹ̀ nìkan sì lè gba ohun tí ó ju àgbá 200,000 lọ. Dísù àti epo ọkọ̀ òfurufú ni ó kọ́kọ́ jáde, ní oṣù Kìn-ín-ní 2024. Bẹntiróòlù kò jáde àfi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Àwọn tí kò mọ̀ ń bínú pé kí ló ń dá wọn dúró. Ìpínyà ni ó mú dísù wá ní tirẹ̀. Bẹntiróòlù ní láti dúró de àwọn ẹ̀rọ tí ń yí epo padà. Ní 2025, pólípírópílíìnì tí wọ́n fi ń ṣe àpò àti àga bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹfun wà nílẹ̀ wa

Inú dídùn ni pé bẹntiróòlù ń jáde láti ilẹ̀ Yorùbá báyìí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kù. Lẹ́búlẹ́bú tí ń ṣe iṣẹ́ náà, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ni ó wà lágbàáyé, bíi W. R. Grace ti Amẹ́ríkà àti BASF ti Jámánì. Ẹni tí ó ní ilé ìfọpo tí kò ní kátálíìsì dà bí ẹni tí ó ní oko tí ó ń yá àdá. Ní 2010 àti 2011, nígbà tí ìjọba Ṣáínà dín àwọn irin ṣíṣọ̀wọ́n tí wọ́n ń tà sókè òkun kù, owó lántánọ́ọ̀mù, tí wọ́n fi ń mú kí síóláìtì lágbára sí i, fò sókè fíofío. Àwọn tí ń ta kátálíìsì sì fi owó lé ọjà wọn fún àwọn ilé ìfọpo káàkiri ayé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà dé àpò ẹni tí ń ra epo níbòmíràn.

Ohun tí ó yẹ kí ó mú wa ronú ni pé, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe síóláìtì kò jìnnà sí wa. Sílíkọ́ọ̀nù, alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn náà ni ó para pọ̀ di amọ̀ funfun, irú èyí tí àwọn baba wa fi ń ṣe ẹfun, tí àwọn olórìṣà funfun fi ń kun ara. Amọ̀ yìí pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà; èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ti Kankara ní ìpínlẹ̀ Katsina. Láti ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ti gbé àbájáde iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe fi amọ̀ Kankara ṣe síóláìtì X àti Y. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó wà láàárín yàrá àyẹ̀wò àti ilé-iṣẹ́ ńlá ni kò tíì yọrí. Síóláìtì tí ènìyàn ṣe nínú ìgò ní Zaria gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí yóò ṣe lọ́dún tí ń bọ̀, tọ́ọ̀nù lórí tọ́ọ̀nù, nítorí ilé ìfọpo kò lè fi ẹ̀rọ olówó gọbọi dán ohun tí kò dá a lójú wò. Èkejì ni ọjà. Ta ni amọ̀kòkò yóò mọ ìkòkò fún bí kò bá sí ẹni tí ń se ọbẹ̀? Ní gbogbo ọdún tí àwọn ilé ìfọpo ìjọba fi wà ní títì, kò sí ẹni tí ìbá ra kátálíìsì náà, ìwé ìwádìí sì ń sùn nínú àpótí. Nísinsìnyí, oníbàárà kan tí ó tóbi ti wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí ó ń lo kátálíìsì lójoojúmọ́.

Èyí ni àkókò tí ó yẹ kí ìjọba, àwọn yunifásítì àti àwọn tí ó ni ilé ìfọpo jókòó pọ̀. Kò dandan kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó le jù. Síóláìtì ti inú ọṣẹ àti ti ẹ̀rọ ọ́síjìn rọrùn láti ṣe ju ti ilé ìfọpo lọ, ọjà wọn sì wà nílẹ̀ láàárín wa. Ẹni tí ó bá ti mọ ìyẹn ṣe dáadáa yóò lè gbìyànjú èyí tí ó ga jù ú lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í wà létí odò kí á máa fi itọ́ fọ ojú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi wà létí odò epo, tí a ń ra bẹntiróòlù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé a ta epo rọ̀bì láìní ohun tí ń fọ́ ọ. Amọ̀ funfun náà tún wà nílẹ̀ báyìí, ìmọ̀ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé. Kí a má tún lọ ta amọ̀ náà, kí a wá máa ra síóláìtì.